Jẹnẹrétọ̀ Bàbá àti Iná Oòrùn

Bí iná bá ti lọ nírọ̀lẹ́, Ìyá Aránṣọ á bọ́ sẹ́yìnkùlé, á fa okùn jẹnẹrétọ̀ ọkọ rẹ̀ olóògbé. Ẹ̀rọ náà á wúkọ́, á gbọ̀n, á wá figbe ta. Àwọn ará ilé kejì á ti fèrèsé wọn gbàgà. Òun á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ ní tiẹ̀.

Bàbá ló rà á nígbà tí àwọn ọmọ ṣì kéré. Àárò ọkùnrin náà ń sọ ọ́ gan-an, ariwo yìí ló sì fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Àmọ́ epo ń jẹ owó iṣẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ikán ń jẹ igi.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì iná oòrùn, ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká gbé sólà sórí òrùlé. Pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì, ínfátà, gbogbo ẹ̀ ló wọ́n, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba ń san apá kan fún ẹni tó bá kó jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè fọ́ ọ. Ìyókù, ẹ ó máa san án díẹ̀díẹ̀."

"Jẹnẹrétọ̀ bàbá ẹ? Kí wọ́n lọ fọ́ ọ? Ó tì o! Màá san gbogbo owó náà fúnra mi."

"Níbo lẹ ti máa rí i?"

"Màá ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi."

Ọmọ náà la ẹnu sílẹ̀. "Ẹ ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ, kẹ́ ẹ lè ríná ránṣọ?"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Kó tó rẹ́rìn-ín tán, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Àárò bàbá ẹ ni."

"Ó ń sọ èmi náà. Ṣùgbọ́n torí kẹ́ ẹ lè rí ojú abẹ́rẹ́ ni Bàbá ṣe ń fa okùn yẹn. Kì í ṣe torí ariwo."

Ìyá nu ojú rẹ̀. "Ó dáa, ní kí wọ́n wá gbé e."

Lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá gbé jẹnẹrétọ̀ náà, Ìyá fi àkísà nù ún tónítóní, ó sunkún, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé sólà sókè, iná tàn láìsí ariwo, ó jókòó sídìí iṣẹ́, ó sì ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ aládùúgbò ketekete.

Ẹ̀yin èèyàn wa, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ lọ bèèrè bóyá ìjọba ń ṣèrànwọ́ lágbègbè yín, àti ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn kí wọ́n tó ṣe é. Ẹ gbé owó epo yín lé ìwọ̀n pẹ̀lú owó sólà. Ẹ máa rántí àwọn tó ti lọ, àmọ́ ẹ má torí ìrántí wọn ta ohun tó ń bọ́ yín.