Bọ́ọ̀nsì Inú Fìlà

"Ẹ ti gbọ́ ohun tí ìyá Láníyì wí? Wọ́n ní ó gé bọ́ọ̀nsì Tèmidire jẹ, ó ní òun ò..."

"Òun ò kí ni?"

"Òun ò ní jẹ ẹ́ mọ́. Agatha aránṣọ ló gbọ́ ọ, àmọ́ kò dúró gbọ́ ìyókù."

Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Tèmidire àti Láníyì ku ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbà ọdún Igogo ni wọ́n pàdé. Agogo ń dún, gbogbo Ọ̀wọ̀ ṣí orí sílẹ̀, ni ọ̀dọ́kùnrin kan bá yọ tòun ti fìlà. Tèmidire oníbọ́ọ̀nsì, tí ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu kó tó sọ̀rọ̀, kàn rí i pé òun ti sọ ọ́:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣí fìlà. A kì í dé e nígbà Igogo."

Láníyì ṣí i kíá. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni. Iṣẹ́ ló gbé e wá sílé ìwòsàn, òun ló ń sọ ohun tí aláìsàn yóò jẹ.

"Kí ni kí n wá fi ṣe?"

"Ẹ fi gba bọ́ọ̀nsì. Ọ̀rá mi ti tán."

Ó kó mẹ́rin sí i, funfun, ooru ṣì ń rú lára wọn.

"O ò dín in?"

"Ooru ni mo fi sè é, lórí ewé, bí ìyá àgbà mi ṣe ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ẹ̀wà ló wà nínú ẹ̀. Èso dàbínò ló mú un dùn."

"Kò sí òróró, kò sí ṣúgà. Ṣé o fẹ́ gba iṣẹ́ mi ni?"

Igogo parí, fìlà padà sórí, síbẹ̀ ó ń ṣí i wá gba bọ́ọ̀nsì lójoojúmọ́, títí ọ̀rọ̀ wọn fi di ti mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá kí i, ìyá tí àtọ̀gbẹ ti gba adùn lẹ́nu ẹ̀, Láníyì ní ẹyọ kan kò burú. Tèmidire gbé e lọ, ojú tì í, ó sá wálé. Agatha, tó gbé aṣọ wá fún Màmá, ló gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Tèmidire kò dáná. Láníyì bá a lórí àpótí, fìlà lọ́wọ́.

"Dire mi, tèmi dà?"

"Ẹ máa lọ. Mo ti gbọ́ ohun tí Màmá sọ."

"Lẹ́nu ta ni?"

"Agatha."

"Ṣé ó gbọ́ ọ parí?"

Láníyì jókòó tì í, ó gbé fìlà náà lé e lẹ́sẹ̀.

"Gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe wí i, mi ò fi kún un: 'Láníyì, mi ò ní jẹ bọ́ọ̀nsì ọmọ yìí mọ́, àfi tó bá di ìyàwó rẹ, tó ń sè é nínú ilé wa. Kẹ́ ẹ sì ṣe kíá, ọ̀kan tó o ní kí n jẹ kò tó mi.'"