Orúkọ Tí Abẹ́rẹ́ Jù Síná

Bọ̀ọ̀dá Ààrẹ pe orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nínú bọ́ọ̀sì, ó ní gbogbo wọn ti pé, ó sì ní kí dírẹ́bà máa lọ. Ààrẹ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé fèrè kọ́ ọ lọ́rùn ló ti ń rìn bí ọ̀gágun. Ṣùgbọ́n kò pe Eyínfúnjowó. Kò sì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ Eyínfúnjowó jókòó síbẹ̀ o, lórí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, kò ní báàgì kankan.

Abẹ́rẹ́ ló rí i. Ọmọ aránṣọ ni Abẹ́rẹ́, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ìyá rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹnu rẹ̀ ló ń gún èèyàn. Láti kékeré lòun àti Òpó, ọmọbìnrin gíga tó máa ń tẹ orí ba kó tó wọ yàrá, ti jọ ń ṣe ìgbín àti ìkarahun. Ibi tí ọ̀kan bá fà sí ni èkejì ń tẹ̀ lé e. Àfi bí ẹgbẹ́ ṣe lọ pàgọ́ ní ibùdó fún ọjọ́ mẹ́rin, tí Eyínfúnjowó, ọmọ tuntun kan, yọ tòun teyín funfun àti orin lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì, òun àti Òpó ti jọ ń so okùn àgọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ẹní kan ni wọ́n jọ ń sùn, Abẹ́rẹ́ sì ti di ẹni tí wọ́n ń gbé aṣọ tutù fún pé, “Bá wa sá a.”

Owú jẹ Abẹ́rẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ ilẹ̀kùn: ìta ń dán, inú ti di ìyẹ̀fun.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n ní kí kálukú kọ ohun tó bá fẹ́ fi sílẹ̀ ní ibùdó sórí ìwé pélébé, kó jù ú síná. Bọ̀ọ̀dá Ààrẹ kọ “ìgbéraga,” ó sì kà á sókè ketekete, kí gbogbo ayé lè mọ bó ṣe níwà ìrẹ̀lẹ̀ tó. Abẹ́rẹ́ kọ “Eyínfúnjowó.” Ìwé yòókù jó, wọ́n dúdú. Tiẹ̀ kọ́kọ́ funfun báláú, èéfín rẹ̀ sì ń rùn bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Nísinsìnyí, nínú bọ́ọ̀sì, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún Òpó.

“Ọ̀rẹ́ ẹ ò wá jókòó tì ẹ́?”

“Ọ̀rẹ́ mi wo?”

“Èyí tẹ́ ẹ jọ ń sùn lórí ẹní kan.”

Òpó bú sẹ́rìn-ín. “Èmi nìkan ni mo sùn lórí ẹní mi jàre! Abẹ́rẹ́, oòrùn ti pa ẹ́.”

Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó fi àwòrán tí àwọn mẹ́ta jọ yà han Abẹ́rẹ́. Òpó wà lápá kan, Abẹ́rẹ́ wà lápá kejì. Àlàfo ló wà láàárín, apá Òpó sì gùn jáde, ó rọ̀ sórí èjìká afẹ́fẹ́.

Ẹ̀rù ba Abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, inú rẹ̀ dùn. Ẹ má bá a wí. Ẹ̀yin náà ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí lọ́kàn yín, iná lẹ ò rí.

Wọ́n pín bísíkíìtì, ọwọ́ fo Eyínfúnjowó. Òjò bẹ̀rẹ̀, èémí èèyàn bo gbogbo gíláàsì fèrèsé, àfi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn mọ́ gaara. Òpó bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin kan lábẹ́ ètè, ó dákẹ́ lójijì.

“Ta ló kọ́ mi lórin yìí gan-an?”

“Èmi ni,” Abẹ́rẹ́ dá a lóhùn.

Òpó gbà á gbọ́, ó gbé orí lé e léjìká, ó sùn lọ. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ bojú wẹ̀yìn, Eyínfúnjowó ti kúrò lẹ́yìn pátápátá, ó ti dé àárín ọkọ̀. Kò rí i kó dìde. Ó tún bojú wẹ̀yìn: ìjókòó tó tẹ̀ lé tiwọn ló wà. Òtútù fẹ́ ẹ létí.

“Ìwọ nìkan ló ṣì ń rí mi, Abẹ́rẹ́. Jí Òpó, kó o pe orúkọ mi sí i létí ká tó dé orí afárá tó wà níwájú yìí. Mo máa padà bọ̀ sípò.”

“Tí mi ò bá pè é ńkọ́?”

“A jẹ́ pé ọwọ́ ẹ ni mo wà nìyẹn.”

Afárá ti yọ lókèèrè. Orúkọ kan péré ni. Ṣùgbọ́n Òpó máa béèrè ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, á sì béèrè bó ṣe sọ nù. Itọ́ Òpó ti rin èjìká aṣọ Abẹ́rẹ́, orí náà wúwo, ó sì gbóná. Láti ọjọ́ kejì ní ibùdó ni Abẹ́rẹ́ ti ń wá orí yẹn. Ó pa ẹnu dé. Táyà gun afárá: gbì, gbì, gbì. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì.

Ìgbà yẹn ni Eyínfúnjowó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín.

“O ò tiẹ̀ bi mí ohun tí èmi kọ sínú ìwé tèmi.”

“Kí lo kọ?”

“Ìdáwà. Àtìgbà tí ìyá mi ti kú ló ti ń bá mi gbé. Mo ti fi í sílẹ̀ síbẹ̀, mi ò ní dá wà mọ́ láé.” Eyín rẹ̀ funfun báláú. “Ilé yín ṣì jìnnà?”

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ délé, ìyá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, okùn ìwọnṣọ lọ́rùn. “Káàbọ̀, ọmọ mi. Ó yá, ti ilẹ̀kùn, òjò ń wọlé.” Abẹ́rẹ́ ò tètè tì í. Ẹsẹ̀ tutù méjì ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Lọ́jọ́ kejì, Òpó wá kí i. Orí bẹ́ǹṣì iwájú ilé ni wọ́n jókòó sí, Òpó sì lọ há ara rẹ̀ sí ìparí.

“Kí ló dé tó o jìnnà sí mi bẹ́ẹ̀?”

“Mi ò mọ̀ o. Ó ń ṣe mí bíi pé èèyàn jókòó síbẹ̀ yẹn.”

Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin náà, ó sì na apá gígùn rẹ̀, ó rọra gbé e lé èjìká afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wọn. Apá náà ò já wálẹ̀.