Ta Ló Kọ Orin Ọwọ̀?

Lẹ́tà náà fi ọjọ́ kan pẹ́.

Aṣèwádìí fúnra rẹ̀ ló mú un wá. Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀dọ́bìnrin kan tó ṣí i. Ojú rẹ̀ wú. Ó gba lẹ́tà, ó kà á lórí ìdúró, ó sì rọra ká a padà.

"Wọ́n ní kí ìyá mi wá sọ tẹnu wọn lọ́la," ó ní. "Àná ni wọ́n kú."

Ọdún kẹta rèé tí aṣèwádìí ti ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn olórin gba owó ẹ̀tọ́ wọn. Kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ọlọ́fọ̀.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù," ó ní, jẹ́jẹ́.

"Ẹ ṣé. Ẹ wọlé, ṣebí ẹ ti dé. Lẹ́tà mẹ́fà ni màámi kọ sí yín. Èyí tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ dáhùn nìyí."

Ìgò oògùn tò sójú fèrèsé. Méjì nínú wọn ti ṣófo, ó sì jọ pé wọ́n ti ṣófo tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ò ta kókó. Orin kan ṣoṣo ni olóògbé kọ tí ayé mọ̀. Nígbàkigbà tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù rẹ̀ láti gbọ́ ọ lórí ayélujára, owó táṣẹ́rẹ́ kan ń jáde: ìpín kan fún ẹni tó gba orin náà sílẹ̀ ní sítúdíò, ìpín kan fún ẹni tó kọ ọ́. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹnì kan lọ fi orúkọ sílẹ̀ pé òun ló kọ ọ́. Láti ìgbà náà, ìpín òǹkọ̀wé ò dé ọ̀dọ̀ màmá mọ́.

"Kí lẹ fẹ́ ká ṣe fún yín gan-an?" aṣèwádìí bi í.

"Ẹ dá orúkọ wọn padà sórí orin wọn. Mi ò fẹ́ máa gbọ́ ohùn ìyá mi nínú ọkọ̀ èrò, kí wọ́n máa ní ẹlòmíì ló kọ ọ́."

"Mi ò ní purọ́ fún yín. Tí ẹni tó fẹjọ́ sùn bá ti kú, ọjọ́ méje péré ni òfin fún wa. Tá ò bá rí olè náà, wọ́n á ti fáìlì pa."

Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ọmọ olóògbé na ọrùn wò ó.

"Ẹ̀yin ò fi ẹsẹ̀ róbótó sábẹ́ lẹ́tà bíi tiwa? Ìlà lẹ̀ ń fà. Bí ìwé àwọn bàbá àgbà!"

"Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, kí n tó mọ ọ̀nà ilé ìwé."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín náà sì tètè kú.

"Kí lorúkọ orin náà?"

"Ọwọ̀."

"Ọ̀wọ̀? Ká bọ̀wọ̀ fúnni?"

"Rárá o. Ọwọ̀, ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ń gbálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò sí nínú orin, ìyẹn ló ń da gbogbo èèyàn láàmú. Wọ́n ń gbálẹ̀ sítúdíò lọ́wọ́ ni orin náà wá sí wọn lọ́kàn. Bí ìgbálẹ̀ ṣe ń ró nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọrin tẹ̀ lé e. Lórí ayélujára, O-W-O lásán ni wọ́n kọ, kò lẹ́sẹ̀, kò lámì."

"Ta ló mọ̀?"

"Èmi. Àti ẹni tó wà pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ náà. Wọn ò dárúkọ ẹ̀ fún mi rí."

Ọkùnrin tó ń gbé orin sórí ayélujára wà ní ọ́fíìsì kan tó tutù nini. Kíákíá làwọn olórin ń pè é, torí pé kì í gbé ìpè wọn.

"Ṣé orin 'Owó' yẹn náà ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ gbà mí o! Orin tó ń jẹ́ Owó, tí ìyá tó kọ ọ́ ò rówó níbẹ̀!"

"Ìyá náà ti kú."

Ẹ̀rín náà dúró. "Ha. Ẹ má bínú."

"Ṣé ẹ ti gbọ́ orin náà rí?"

"Orin ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi. Iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ wọ́n ni mò ń wò." Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. "Ẹ wò ó, nígbà tí wọ́n jí i yẹn, èérún ni ìpín òǹkọ̀wé. Ọdún kejì ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tó ń pín owó orin ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un, tó di nǹkan gidi. Ta ló ń jí èérún? Àfi ẹni tí ọ̀ràn ti dé bá."

Ọ̀gá sítúdíò jókòó láàárín ẹ̀rọ àtijọ́ tí eruku ti bò.

"'Ọ̀wọ̀'!" ó ní. "Orúkọ yẹn yẹ ẹ́. Obìnrin tó mọ àgbà lágbà ni. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ìyá mi kékeré. Ìpín ẹni tó gbà á sílẹ̀ ń wọlé fún mi. Kí ni mo fẹ́ fi tiẹ̀ ṣe?"

"Ṣé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó kọ ọ́?"

"Wáyà kan ló jó. Mo lọ wá òmíràn. Kí n tó padà, orin ti délẹ̀."

"Ta lẹ fi sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀?"

"Onígìtá kan. Ọkùnrin jẹ́jẹ́. Tíṣà la máa ń pè é. Tó o bá ṣi ohùn ọ̀rọ̀ kan pè pẹ́nrẹ́n, á dá gbogbo wa dúró!"

"Orúkọ ẹ̀ gan-an ńkọ́?"

"Tíṣà náà ni. Ta ló ń bi onígìtá ní orúkọ bàbá ẹ̀?"

Lọ́jọ́ kẹta, fọ́ọ̀mù tí olè náà fọwọ́ kọ jáde láti yàrá ìkówèésí. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ló wà níbi tó yẹ kí orúkọ òǹkọ̀wé wà. Kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ọ̀hún rí. Ṣùgbọ́n aṣèwádìí wo orúkọ orin. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti ju àwọn àmì nù, bébà ò jù wọ́n nù.

Ọwọ̀. Kì í ṣe Owó bíi ti Kíákíá. Kì í ṣe Ọ̀wọ̀ bíi ti ọ̀gá sítúdíò. Ẹni tó kọ èyí wà nínú yàrá náà. Tíṣà ni.

Ó tún wò ó. Ẹsẹ̀ róbótó kọ́ ló wà lábẹ́ àwọn lẹ́tà náà. Ìlà kéékèèké ni, wọ́n dúró ṣánṣán bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ó ṣí ìwé tirẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù náà. Fún ìṣẹ́jú kan, ó dà bíi pé òun ló kọ méjèèjì.

Akọ̀wé tó jókòó tì í bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá. Ó ní òòrùn ni. Òòrùn ò sì ràn lọ́jọ́ náà.

Bàbá rẹ̀ wà ní yàrá iwájú, ó ń so okùn gìtá oníbàárà kan. Láti ìgbà tí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ ti wú ni kò ti ta gìtá mọ́. Títún wọn ṣe ló kù.

"O tètè dé lónìí, ọmọ mi."

"Bàámi, ṣé wọ́n pè yín ní Tíṣà rí?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn. Aṣèwádìí gbé fọ́ọ̀mù náà ka orí tábìlì. Bàbá ò mú un.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ yẹn ni mo ti ń retí ẹ," ó ní.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi àmì sí i? Ká ní ẹ kọ ọ́ lásán ni, mi ò bá má mọ̀."

"Mo kọ ọ́ lásán. Mo fà á ya. Orin tó dùn tó yẹn, tí mo gbọ́ nígbà tó ń bọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Ọwọ́ mi ò gbà."

"Báwo lẹ ṣe rí i ṣe?"

"Wọ́n kéde pé kí gbogbo òǹkọ̀wé wá tún orin wọn kọ sílẹ̀ nítorí ayélujára. Ó ti kó kúrò ládùúgbò, kò gbọ́. Mo dúró dè é. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n parí ẹ̀, mo dá orúkọ ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀, mo lọ kọ ọ́."

"Nítorí kí ni?"

"Ìyá rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn, o ṣáà rántí. Mo ní èérún ni, pé ẹni tó ni orin ò ní mọ̀ ọ́n lára. Àfi bí wọ́n ṣe fi kún iye ẹ̀."

"Ọdún mẹ́rin rèé tí ìyá mi ti kú, bàámi."

Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ okùn gìtá náà.

"Ẹni tẹ́ ẹ jí orin ẹ̀ náà ń ṣàìsàn," aṣèwádìí ní. "Mo rí ìgò oògùn ẹ̀."

"Ojú ló ń tì mí. Tí mo bá dá a dúró, wọ́n á bi mí léèrè. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ó dọ̀la." Ó gbójú sókè. "Mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀. Màá dọ̀bálẹ̀ fún un."

"Ọjọ́ Ajé ló kú."

Bàbá tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan igi gìtá náà. Okùn kan dún. Ohùn rẹ̀ ti kéré nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ẹni tó fẹjọ́ sùn ti kú nìyẹn. Ọjọ́ méje ni òfin yín, àbí? Tí o ò bá rí ẹnikẹ́ni, wọ́n á ti fáìlì pa. Màá máa fi owó náà ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Aṣèwádìí kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ tó wú mú, omijé sì ń dà lójú tirẹ̀ náà.

"Bàámi, ẹ gbọ́ mi. Láàárọ̀ ọ̀la, màá kọ orúkọ yín sínú ìwé náà pé ẹ̀yin lẹ jí orin rẹ̀. Màá sọ fún wọn pé bàbá mi ni yín, kí wọ́n gba ẹjọ́ náà lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé ìyá mi lẹ ṣe é fún. Ṣùgbọ́n mi ò ní bò yín."