Àpò Ìwé Ìdáhùn Tó Pòórá

Àpò náà ò sí níbẹ̀ mọ́.

Juliana, akọ̀wé ẹ̀ka ìdánwò, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ń kó ìwé ìdáhùn pamọ́ sí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ló gbé e mì. Àpò méjì ló fúnra rẹ̀ gbé síbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọ̀kan ṣì wà nídìí ògiri. Èkejì, tí ìwé ìdáhùn kọ́ọ̀sì 408 wà nínú rẹ̀, ti dàwátì.

Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun pe Bàbá Akínfẹ́nwá wá.

Akínfẹ́nwá ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ẹ̀ka yunifásítì tó wà nítòsí Apple Junction ní Èkó yìí. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìn tì. Ara rẹ̀ ló fẹ̀yìn tì o, ojú rẹ̀ ò bá a fẹ̀yìn tì.

Ó wo ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i, kọ́kọ́rọ́ náà ni wọ́n fi tì í padà. Ó wo fèrèsé, irin rẹ̀ dúró ṣinṣin. Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì. Máàkì ìdánwò kékeré tí wọ́n ṣe láàárín sẹ̀mẹ́sítà wà níbẹ̀ gbalaja, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sídìí àpò tó kù.

"Juliana, ìwọ lo di àpò yìí?"

"Èmi ni mo di méjèèjì, sà. Àmọ́ kì í ṣe báyìí. Bí okùn bàtà ni mo máa ń so ó."

Wọ́n ti tú àpò náà, wọ́n sì ti tún un dì. Wọ́n yí okùn po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ki orí rẹ̀ bọ abẹ́, wọ́n fà á le. Akínfẹ́nwá fi ìka kàn án. Ó ti rí irú ìdì yìí níbì kan rí, ṣùgbọ́n ibi tó ti rí i ò wá sí i lọ́kàn.

Kọ́ọ̀sì 408 kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Yúnìtì mẹ́ta ni, dandan sì ni fún gbogbo ẹni tó wà lọ́dún ìkẹyìn. Bí ìwé ìdáhùn ò bá sí, máàkì ò sí. Bí máàkì ò bá sí, kárí-ófà ló kàn, ìyẹn ni pé kí olúwarẹ̀ lọ tún kọ́ọ̀sì náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tó wá ń bani lẹ́rù ni pé àṣẹ ti dé pé kí wọ́n ti ẹ̀ka náà pa kí ọdún 2006 tó parí. Ẹni tí ò bá yege báyìí, ọgbà yunifásítì gan-an ni yóò lọ, níbi tó jìnnà réré sí Èkó. Púpọ̀ nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ jẹun, àwọn kan ń tọ́mọ. Ta ló fẹ́ bá wọn gbé ìyẹn?

Ọ̀gá àgbà ẹ̀ka náà ti pe àwọn ìgbìmọ̀ yunifásítì lórí fóònù. Èsì tí wọ́n fún un ò gùn. Bí wọ́n bá rí olè náà kí ìgbìmọ̀ tó jókòó lọ́jọ́bọ̀, wọ́n á jẹ́ kí kíláàsì náà tún ìdánwò ṣe. Bí wọn ò bá rí i, kárí-ófà fún gbogbo wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá sì tìtorí rẹ̀ jí i, kò ní bá wọn jókòó, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, títí wọ́n á fi parí ìwádìí tirẹ̀.

Akínfẹ́nwá padà sí yàrá ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu géètì. Waheed, awakọ̀ ẹ̀ka náà, ti gbé tíì dè é. Ọ̀rẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n, láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti ń gbé Abúlé Adó. Akínfẹ́nwá ló bá a wá iṣẹ́ náà. Ìyàwó Waheed kú nígbà tí Àyìnkẹ́, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Waheed ló tọ́ ọ. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń di irun rẹ̀, tí àwọn obìnrin àdúgbò ń fi rẹ́rìn-ín. Àyìnkẹ́ yìí ti wà lọ́dún ìkẹyìn báyìí, ní kíláàsì 408 yẹn gan-an.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí gbogbo wọn ń sáré kiri?" Waheed béèrè. "Ṣebí bí fáìlì bá sọnù ní kóòtù, ẹjọ́ ti kú nìyẹn. Ẹjọ́ mi ọjọ́sí, tí mo fi mọ́tò gbá òpó, ṣé kì í ṣe bó ṣe parí nìyẹn? Adájọ́ ní kí n máa lọ ilé."

Akínfẹ́nwá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó mu tíì rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé Ọláoyè ni Akínfẹ́nwá kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Òun ló ń kọ́ wọn ní 408, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé kì í tètè máàkì ìwé. Ṣé kì í ṣe òun ló sọ ìwé nù, tó wá ń fi olè bojú? Ọláoyè ò bínú. Ó ní òun wá lọ́jọ́ Sátidé, òun máàkì díẹ̀, ni iná bá lọ. Òun dá wọn padà sínú àpò, òun fi kọ́kọ́rọ́ tòun ti ilẹ̀kùn. Òun ò fọwọ́ kan àpò kejì rárá.

"Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀," ló wí, "ọ̀kan wà nínú àwọn tí mo máàkì. Mi ò mọ ẹni tó ni í, nọ́ńbà la ń kọ sí i, a kì í kọ orúkọ. Ó fi awakọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ: epo wọ́n, ọkùnrin náà wá ń purọ́ fọ́mọ rẹ̀ pé òun ti jẹun níta, kí ọmọ lè jẹ èyí tó wà nílé. Ó wá ti ibẹ̀ ṣàlàyé gbogbo ohun tí mo ti ń kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ sẹ̀mẹ́sítà. Bàbá, mo wá ibi tí mo lè ti yọ máàkì, mi ò rí i."

Akínfẹ́nwá kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀.

Ó pe Jesse. Inú ìdánwò 408 ni wọ́n ti ká ìwé ẹ̀kọ́ mọ́ ọmọkùnrin yìí lábẹ́ ìjókòó, ojú gbogbo ayé sì wà lára rẹ̀. Jesse jókòó pẹ̀lú ìgboyà ẹni tí nǹkan ti bàjẹ́ fún tẹ́lẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ jí i fún, sà? Ẹjọ́ tèmi ti dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tipẹ́. Ẹ wò ó, kò sí ọmọ kíláàsì wa kankan tó lè ṣe é. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ìwé bá sọnù, kárí-ófà ni. Ẹni tó mọ̀wé àtẹni tí ò mọ̀wé, gbogbo wa la máa jọ rì. Ta ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó bá bẹ̀rù pé òun ti féèlì ńkọ́?"

Jesse rẹ́rìn-ín. "Ah, Bàbá. Gbogbo wa la máa ń sọ pé a ti féèlì. Bó o bá jáde nínú ìdánwò tó o ní ó dùn, wọ́n á ní ò ń ṣe fáàrí, ayé á sì gbọ́. Àyìnkẹ́ tó mọ̀wé ju gbogbo wa lọ, òun ló kọ́kọ́ gbórí lé odi pé 408 ti pa òun."

Akínfẹ́nwá ní kó máa lọ. Ó jókòó sójú kan, ó ń rò ó. Bí kò bá ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí ò mọ òfin ìdánwò ni. Olè tó mọ̀ ọ́n ì bá fi àpò sílẹ̀, kó tún máàkì inú dúrọ́ọ̀ ṣe. Èyí fi máàkì sílẹ̀, ó gbé àpò lódindi, tòun ti àwọn ìwé òfìfo tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó rò pé bí ìwé bá ti lọ, ọ̀ràn náà ti lọ nìyẹn.

Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Mẹ́ta ló wà. Ti Juliana ò kúrò nínú báàgì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Alákijà lọ́jọ́ Àìkú, àwọn tí wọ́n jọ kọrin jẹ́rìí sí i. Ti Ọláoyè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ń rọ̀ lórí ìṣó nínú yàrá ẹ̀ṣọ́, lókè orí Akínfẹ́nwá. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tó fẹ́ sáré lọ ṣe ìsìn, ta ló ní kó bá òun jókòó ti géètì?

Ó mọ̀ ọ́n. Kò fẹ́ mọ̀ ọ́n ni.

Nírọ̀lẹ́, Waheed ní òun á gbé e dé Festac, bí ó ti máa ń ṣe. Akínfẹ́nwá ní kò burú. Ó gbé báàgì rẹ̀ lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó pẹ́ tí bọ́ọ̀tù ọkọ̀ náà ti bàjẹ́, okùn ni Waheed fi ń dè é. Okùn náà yí po lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ki orí rẹ̀ bọ abẹ́, wọ́n fà á le.

Ọwọ́ Akínfẹ́nwá dúró lórí okùn náà. Omi lé sí i lójú, ó sì jẹ́ kó lé. Ó wọlé sínú ọkọ̀, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Má tíì ṣíná," ló wí. "Waheed, níbo lo gbé àpò náà sí?"

Waheed di sítíárì mú.

"Mo ti sun ún, Ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn ilé wa."

"Kí ló dé?"

"Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìdánwò yẹn, mo lọ gbé Àyìnkẹ́. Bó ṣe wọlé báyìí, ó gbórí lé ìjókòó, ó bú sẹ́kún. Ó ní, 'Bàbá mi, 408 ti pa mí, mo ti féèlì.' Ẹ̀gbọ́n, mi ò kàwé, àmọ́ mo mọ nọ́ńbà, iṣẹ́ mọ́tò ni mo ń ṣe. Mo tú àpò àkọ́kọ́, kì í ṣe òun. Mo dì í padà. Mo rí 408 lára èkejì. Mo ní bí wọn ò bá rí ìwé, kí ni wọ́n fẹ́ fi sọ pé ó féèlì? Wọ́n á ní kó máa lọ ilé. Bí wọ́n ṣe ní kí èmi náà máa lọ."

Akínfẹ́nwá ṣàlàyé fún un, díẹ̀díẹ̀, ohun tí kárí-ófà jẹ́ àti ohun tí ìgbìmọ̀ ti sọ. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú Waheed ń kú. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jí i ò ní bá wọn jókòó, Waheed fi orí lé sítíárì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dárúkọ mi. Kì í ṣe nítorí tèmi. Ẹ jẹ́ ká sọ pé a ò mọ ẹni tó ṣe é."

Ọ̀rọ̀ náà gún Akínfẹ́nwá lọ́kàn. Bó bá dákẹ́, gbogbo kíláàsì rì, Àyìnkẹ́ náà á rì pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa nàka sí i. Bó bá sọ̀rọ̀, àwọn yòókù bọ́, Àyìnkẹ́ nìkan ló kù. Ó rántí ọmọ kékeré tó máa ń sùn lé òun léjìká ní Abúlé Adó. Ó rántí àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó kù náà.

"Mi ò lè ṣe é, Waheed," ló wí. Ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì sì sunkún bí ọmọdé nínú ọkọ̀ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, níwájú ọ̀gá àgbà, Juliana àti Ọ̀mọ̀wé Ọláoyè, Akínfẹ́nwá to ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀: kọ́kọ́rọ́ orí ìṣó, ìdì okùn, àti ìdí tí kò fi lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Waheed fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ó tẹnu mọ́ ọn pé ọmọ òun ò mọ nǹkan kan. Ọ̀gá àgbà gbà á gbọ́, ó sì ní òfin ni òfin ń jẹ́. Ìwádìí ti Àyìnkẹ́ lè gbà tó ọdún kan, ẹ̀ka náà á sì ti kógbá sílé nígbà náà.

Tèṣọ́n ọlọ́pàá ni Àyìnkẹ́ ti bá bàbá rẹ̀. Akínfẹ́nwá ló mú un lọ. Ọmọbìnrin náà di irin sẹ́ẹ̀lì mú, kò lè sunkún.

"Bàbá mi, ta ló sọ fún yín pé mo féèlì? Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn ni. Gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ni mo kọ síbẹ̀, Bàbá mi. Bẹ́ ẹ ṣe máa ń sọ pé ẹ ti jẹun níta, òun ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ."

Waheed yíjú sí Akínfẹ́nwá. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó yege ni?"

Akínfẹ́nwá ì bá purọ́ fún un. Bí ọmọ náà bá ti féèlì, ìwà bàbá rẹ̀ á kúkú ní ìdí. Ṣùgbọ́n Àyìnkẹ́ dúró níbẹ̀, òótọ́ náà sì ni gbogbo ohun tó kù fún un.

"Ó yege, Waheed. Olùkọ́ wọn ní òun ò rí ibi tóun ti máa yọ máàkì."

Waheed wo ọmọ rẹ̀ títí. Ohùn rẹ̀ jáde jẹ́jẹ́, kò sí ìbínú nínú rẹ̀.

"Ìwọ lo sọ fún mi, Àyìnkẹ́. Ìgbà wo lo parọ́ fún mi rí, tí mi ò fi ní gbà á gbọ́?"

Ìgbà náà ni ẹkún tó dé.

Ọjọ́ tí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe, Akínfẹ́nwá dúró lẹ́nu géètì, ó ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Àyìnkẹ́ ò wá. Ẹlòmíràn ló ń wa ọkọ̀ ẹ̀ka náà báyìí, wọ́n sì ti tún bọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣe. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n tú jáde pẹ̀lú ariwo. Ọmọbìnrin kan kọjá níwájú rẹ̀ tòun ti fóònù létí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ẹ má wulẹ̀ dúró, mo ti féèlì o," ó wí, ó sì pa fóònù.

Akínfẹ́nwá dá a dúró.

"Báwo ni ìdánwò yẹn ṣe rí gan-an?"

"Ó dáa, sà. Mo kọ gbogbo ẹ̀."

"Pè wọ́n padà," ni Bàbá wí. "Sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí."

Ọmọbìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú bàbá arúgbó náà, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó tún nọ́ńbà ìyá rẹ̀ tẹ̀.