Màrìwò Ojú Ọ̀nà Àpáta

"Sodiqat, jẹ́ ká padà. Ṣé o ò rí màrìwò ni?"

Ismaheel ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìwéré-Ilé ni, ẹ̀bá àpáta tí wọ́n fẹ́ gùn náà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Lóòótọ́, màrìwò ọ̀pẹ tútù wà lójú ọ̀nà, wọ́n so ó láti ara igi kan dé èkejì. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Òkè-Ògùn? Bí wọ́n bá ti so irú rẹ̀ sójú ọ̀nà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọdẹ fẹ́ sun pápá lọ́jọ́ náà kí ẹran lè jáde. Sodiqat náà mọ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, kì í ṣe àlejò.

Ṣùgbọ́n ìkánjú ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ yunifásítì wọn yóò jókòó lórí Ẹgbẹ́ Agùnkè, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń pọ́n àpáta, tó sì máa ń pàgọ́ sínú pápá káàkiri Òkè-Ògùn. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní ewu ló kún inú rẹ̀, kí wọ́n tú u ká. Sodiqat ni aṣíwájú ẹgbẹ́. Nígbà tó kọ́kọ́ dé yunifásítì, ojú máa ń tì í, kì í lè dìde sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn. Inú ẹgbẹ́ yìí ló ti di ẹni tó ń lanu. Ó rò pé bí òun bá lè ya fídíò bí oòrùn ṣe ń yọ nínú ọyẹ́ látorí àpáta, ọkàn àwọn àgbà náà yóò rọ̀.

"Bàbá Agùnkè ní ká dúró de àwọn," ni Ismaheel tún wí.

Dókítà Akínkúnlé, olùkọ́ tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ti wọ ìlú lọ kí olórí ọdẹ. Kò gun àpáta ẹnikẹ́ni rí láìkí onílé.

"Kí wọ́n tó kí i tán, oòrùn á ti gòkè. Wéré la ó gùn ún, wéré la ó sọ̀ kalẹ̀. Àbí o ò fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí wà mọ́ ni?"

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ismaheel wọra. Sodiqat fọwọ́ ara rẹ̀ tú màrìwò náà, ó jù ú sínú koríko, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù tó bá wọn wá sì tẹ̀ lé e.

Ẹwà orí àpáta lárọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Sodiqat ń ya fídíò, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yí fóònù sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kò rí Ismaheel.

"Ismaheel dà?"

"Ó ní ọkàn òun ò balẹ̀," ni Àtinúkẹ́, ọ̀kan nínú wọn, dá a lóhùn. "Ó ní òun ń lọ so màrìwò yẹn padà, kí ẹlòmíràn má bàa kó sí i."

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà tí èéfín fi yọ nísàlẹ̀. Ọyẹ́ gbé iná, iná ń sáré bọ̀ nínú koríko gbígbẹ, ó ń ké ramúramù. Orí àpáta kò ní koríko, iná ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n Ismaheel ńkọ́? Sodiqat pariwo orúkọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó tẹ fóònù, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ooru lé e padà. Ẹ sọ fún mi, kí ni ì bá ṣe? Ó jókòó, ó káwọ́ lérí, ó ń wo iná.

Àwọn ọdẹ ló gbé Ismaheel jáde. Iná ti jó o lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó lajú nílé ìwòsàn, tó rí Sodiqat lórí ìkúnlẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé wọ́n ti so ó padà?"

Bàbá Agùnkè wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni ó wí, ó sì kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ Ajé, Sodiqat kúnlẹ̀ síwájú ìgbìmọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo tú màrìwò náà. Ẹ lé mi lọ, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wà."

Alága, obìnrin àgbàlagbà kan, mi orí. "Ọmọ mi, nígbà tí wọ́n ní ewu ni ẹgbẹ́ yín, ohun kan ṣoṣo ni Dókítà fi ń gbè yín lẹ́yìn: pé ẹ ò rú òfin ará ìlú rí. Ohun tí èmi náà dì mú nìyẹn. Ní báyìí, kí la fẹ́ wí?"

Fídíò wà nínú fóònù lọ́wọ́ Sodiqat. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n tú ẹgbẹ́ ká. Sodiqat fúnra rẹ̀ ló ru okùn àti àgọ́ wọnú yàrá tí wọ́n tì pa. Bàbá Agùnkè kò bá a wí. Ká ní ó bá a wí ni, ì bá sàn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ó sin Ismaheel lọ sílé. Wọ́n gba abẹ́ àpáta, wọ́n sì bá màrìwò tútù lójú ọ̀nà. Ismaheel fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti so ó padà."

Sodiqat ò lè rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò ní sùúrù, tó ń rú òfin onílé, kì í gba nǹkan là, bíbà ló ń bà á jẹ́. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú ni kì í bàjẹ́. Ó mọ̀ ọ́n báyìí, nígbà tí kò sí ohun tó tún lè fi ìmọ̀ náà ṣe.