Lórí Afárá Inú Igbó Lẹ́kkì

Àwòdì náà ti bà sórí igi gíga tó wà lẹ́yìn ilé wọn ní Jakande, Ràhímátù sì ti gbé kámẹ́rà sójú, nígbà tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í lu hámà lórí òrùlé ilé kejì. Ẹyẹ fò lọ.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti lé e lọ."

Ọ̀dọ́kùnrin tó ń de sólà mọ́ páànù wò yíká. "Ta ni mo lé?"

"Àwòdì. Àtàárọ̀ ni mo ti ń ṣọ́ ọ."

Ràhímátù rò pé yóò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ńṣe ló gbé hámà sílẹ̀, ó jókòó sínú oòrùn. "Ẹ jẹ́ ká dúró dè é, bóyá á padà wá."

Àwòdì ò padà, ṣùgbọ́n wọ́n sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Àyúbà lorúkọ rẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Addo. Ràhímátù ní iṣẹ́ apòògùn lòun ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹyẹ ló ni gbogbo ọjọ́ ìsinmi òun.

Láti ọjọ́ náà, òrùlé yòówù kí Àyúbà wà, bó bá ti rí ẹyẹ, yóò pe Ràhímátù. "Ràhímátù, ọ̀kan wà níbí tí ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ. Ṣé wàá wá?" Kò pẹ́ tí Ràhímátù fi rí i pé ohùn rẹ̀ ń dùn mọ́ òun ju ẹyẹ lọ.

Nígbà tí Àyúbà ní òun fẹ́ fi í ṣaya, Alhája, ìyá rẹ̀, ni kò gbà. "Obìnrin tó ń wo orí igi kiri, ta ni yóò máa wo ilé?"

Ràhímátù sunkún, ó nu ojú, ó yíjú sí Àyúbà. "Bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tẹ̀ lé wa lọ sí igbó Lẹ́kkì, kí wọ́n fojú ara wọn rí ohun tí mò ń ṣe. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀ mí, màá gbà."

Alhája lọ lóòótọ́. Ó gun afárá tóóró tí wọ́n so mọ́ orí àwọn igi ńlá, Ràhímátù wà níwájú, Àyúbà há sẹ́yìn àwọn àlejò mìíràn. Nígbà tí wọ́n dé àárín, afárá mì, Alhája wo ìsàlẹ̀, ó rọ̀ mọ́ okùn afárá.

Ìgbà náà gan-an ni agbe kan bà sẹ́ka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó dú bí aró. Ó ti pẹ́ tí Ràhímátù ti ń wá a. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí kámẹ́rà.

"Ọmọ mi," Alhája sọ jẹ́jẹ́, "mi ò lè lọ, mi ò lè padà."

Ràhímátù ti kámẹ́rà sẹ́yìn, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ẹ má wo ìsàlẹ̀, Mọ́mì. Ojú mi ni kẹ́ ẹ máa wò."

Ó ń fẹ̀yìn rìn, Alhája ń tẹ̀ lé e, ó ń pe Bísímílàhì lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Agbe fò lọ.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Alhája jókòó, ó mumi. "Ẹyẹ aláró yẹn, ṣé òun lò ń wá?"

"Òun ni, mà."

"Mo rí bó o ṣe wò ó. O ò sì yà á."

"Mi ò yà á, mà."

Alhája yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Àyúbà, mú wa lọ sílé àwọn òbí ọmọ yìí. Mo fẹ́ lọ kí wọn."

"Lónìí, Mọ́mì?"

"Kí la tún ń ṣe lónìí?"

Ràhímátù fi ìborùn bojú, ó ń sunkún ayọ̀.

Kí Iléyá tó dé, wọ́n ti so yìgì. Ẹ̀gbẹ́ ìyàwó ni Alhája jókòó sí, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí i pé nínú òun àti ìyàwó, òun ló ń bẹ̀rù òkè.