Ikọ́ Ẹlẹ́rìí Kẹrin

"Ikọ́ dà?"

Àǹtí rẹ̀ ti ìwé náà padà síwájú rẹ̀. Ojú ìwé mẹ́ta ni ọmọbìnrin náà ti tẹ̀ láti àárọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, kò rí ibi tí àṣìṣe wà.

"Ikọ́ wo, Àǹtí?"

"Ikọ́ Ẹlẹ́rìí Kẹrin. Wákàtí méjì gbáko ni mo fi jókòó tì í, kò sọ gbólóhùn kan kó má wúkọ́ sí i. Èyí tí o tẹ̀ yìí wá ń dán gbinrin, bíi pé ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀." Ó fi ìka kan ojú ìwé náà. "Bó bá wúkọ́, kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá dákẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá sunkún, kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa, ibi téèyàn bá ti dákẹ́ ni òtítọ́ máa ń jókòó sí."

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Màá tún un tẹ̀."

"Akọ̀wé tèmi," ni àǹtí rẹ̀ wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí fáìlì rẹ̀.

Akọ̀wé ni àǹtí náà ti ń pè é láti kékeré, nítorí kò sí ògiri tí kì í kọ nǹkan sí. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Ọdún kan ló kù kó ṣe ìdánwò àṣejáde, òfin ló sì fẹ́ lọ kà. Nígbà tí ìsinmi gígùn dé, tí obìnrin tó ń bá àǹtí rẹ̀ tẹ̀wé lọ bímọ, ìyá rẹ̀ ní kó lọ dípò rẹ̀. "Lọ fojú ara ẹ rí i," ni ìyá rẹ̀ wí. "Gbogbo iṣẹ́ ló dùn-ún wò lókèèrè."

Iṣẹ́ àǹtí rẹ̀ kì í ṣe ti agbẹjọ́rò inú fíìmù tó ń pariwo níwájú adájọ́. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ rèé nídìí òfin tó wà láàárín òṣìṣẹ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́. Bí nǹkan bá ti bàjẹ́ níbi iṣẹ́ kan, bí ọ̀gá bá lu òṣìṣẹ́, bí wọ́n bá lé aboyún, bí ẹnì kan bá farapa tí kálukú ń nàka síra wọn, òun ni wọ́n máa ń pè. Á jókòó sínú yàrá kan, á máa bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sílẹ̀.

Ó ní ọgbọ́n kan tó fi ń ṣe é. Kò sí ẹlẹ́rìí tó ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀. Ẹlẹ́rìí Kìíní, Ẹlẹ́rìí Kejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ìwé kan ṣoṣo tí orúkọ wọn wà, inú dúrọ́ọ̀ onírin ló ń gbé, àǹtí sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn, ó fi kọ́rùn. Ní ọjọ́ tí Akọ̀wé dé, ó ní kó tọwọ́ bọ ìwé kan pé ohun tó bá gbọ́ nínú yàrá yìí kò gbọdọ̀ bá a jáde, àti pé bó bá mọ ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ kàn, kó sọ lójú ẹsẹ̀. Akọ̀wé tọwọ́ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú fáàrí. Ó fa ìrù lẹ́tà ìkẹyìn gùn gbọọrọ, bí ẹni tó ti di lọ́yà.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nígbà náà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan tó ń rán aṣọ. Obìnrin kan tó ti ń géṣọ níbẹ̀ fún ọdún méjìdínlógún, abẹ ẹ̀rọ gé ìka mẹ́rin sọnù lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ní àìfarabalẹ̀ ni. Obìnrin náà ní wọ́n ti tú irin tó máa ń bo abẹ náà kúrò. Nígbà tí àǹtí máa fi débẹ̀, irin ti padà sáyè rẹ̀, ó ń wo èèyàn lójú kòrókòró. Bí ìwádìí bá gbe obìnrin náà, wọn á tọ́jú rẹ̀, wọn á sì fún un níṣẹ́ mìíràn. Bí kò bá gbè é, wọn á lé e lọ. Ta ni yóò sì gba agéṣọ tí kò níka?

Ẹlẹ́rìí mẹ́ta àkọ́kọ́ ò rí nǹkan kan. Ọ̀kan ní òun tẹríba sídìí iṣẹ́, ọ̀kan ní òun lọ tọ̀, ọ̀kan ní ojú ń dun òun lọ́jọ́ náà. Ẹlẹ́rìí Kẹrin nìkan ló lanu. Akọ̀wé ki ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bọ etí padà láti gbọ́ ohùn rẹ̀ tí àǹtí gbà sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́:

"Èmi ni mo tú irin yẹn." Ó wúkọ́. "Fọ́máànù ló ní kí n tú u. Ó ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn." Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dákẹ́. "Mo sọ fún un pé ó máa gé èèyàn. Ó ní ṣé èmi ni màá kọ́ òun níṣẹ́ ni." Ó wúkọ́. "Ẹ ti ṣèlérí pé wọn ò ní mọ̀ pé èmi ni o, mà."

Ìgbà tó kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ yìí, ìwé tó fẹ́ tètè parí ló gbà á lọ́kàn. Lẹ́ẹ̀kejì ló tó mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Bàbá kòríkòsùn rẹ̀ ni fọ́máànù ilé-iṣẹ́ náà, ìyẹn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan láti kíláàsì àkọ́kọ́. Ó yẹ kó dìde kó sọ fún àǹtí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, àǹtí á ní kó máa lọ sílé, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lára ni. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òun àti Kòríkòsùn jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ìsinmi.

"Dádì mi ò jẹun mọ́," ni Kòríkòsùn wí. "Wọ́n ní ẹnì kan ti lọ sọ nǹkan nípa ẹ̀ fún àǹtí ẹ. Bí wọ́n bá lé e, ilé tí ilé-iṣẹ́ fún wa là ń gbé, a máa kó jáde ni. Ta ni onítọ̀hún?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣebí ìwọ lò ń tẹ ìwé wọn!"

"Nọ́ńbà ni wọ́n ń jẹ́ níbẹ̀. Mi ò sì lè sọ, mo ti tọwọ́ bọ̀wé."

"O ti tọwọ́ bọ̀wé." Kòríkòsùn gbọn ìdí ṣíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó dìde. "Lọ́yà àgbà. A kí yín o."

Láti ọjọ́ náà kò kí i mọ́. Ó kó ìwé rẹ̀ lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn, ó lọ bá ọmọbìnrin mìíràn. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, bí Akọ̀wé bá sì ti wọlé wọ́n á dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tí ọ̀rẹ́ ò tí ì kẹ̀yìn sí rí ló lè sọ pé ọjọ́ mẹ́rin kéré. Ní ọjọ́ karùn-ún, Akọ̀wé sáré lé e bá lẹ́nu géètì.

"Dúró ná. Mi ò ní dárúkọ o, torí mi ò mọ orúkọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè sọ ni pé ó máa ń wúkọ́ ṣáá. Àǹtí ní kí n máa tẹ ikọ́ ẹ̀ pàápàá. Ó kù díẹ̀ kémi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́!"

Kòríkòsùn wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. Wọ́n jọ rìn lọ sílé. Òótọ́ ò ṣeé bò: inú Akọ̀wé dùn lọ́jọ́ náà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ṣé ikọ́ ti di orúkọ ni? Èèyàn mélòó ni kì í wúkọ́ láyé? Kò mọ̀ pé nínú ilé-iṣẹ́ náà, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ikọ́ mọ̀. Ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ni. Ogún ọdún ló ti ń tú inú ẹ̀rọ tó kún fún eruku òwú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa gbọ́ ikọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó rí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin tínínrín kan wọ ọ́fíìsì, ó ká fìlà mọ́wọ́. Akọ̀wé ò rí i rí. Ṣùgbọ́n kó tó sọ̀rọ̀, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọmọbìnrin náà sì mọ̀ ọ́n.

"Ẹ káàsán, mà. Mo wá gba ọ̀rọ̀ mi padà ni."

Àǹtí dìde. "Ẹ jókòó ná, sà."

"Mi ò jókòó. Ẹ bá mi ya ìwé yẹn. Ẹ kọ ọ́ pé ibà ló ń ṣe mí lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́." Ó wúkọ́. "Wọ́n pè mí lánàá. Wọn ò bá mi jà o. Wọ́n ní ikọ́ mi yìí ti pọ̀ jù, pé àánú mi ń ṣe wọ́n, kí n lọ rí dókítà ilé-iṣẹ́. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń wúkọ́ níbẹ̀, mà. Àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Dókítà ní kí n máa lọ sílé. Fọ́máànù fúnra ẹ̀ ló sìn mí dé géètì. Ó ní ẹni tó ní ikọ́ ò lè lúgọ."

"Ta ló sọ fún wọn?"

"Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyẹn. Ẹ ní orúkọ mi ò ní jáde."

Àǹtí fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀. "Kò jáde, sà. Mo fi ayé mi búra, kò jáde."

"Tóò. Wọ́n ní bí mo bá gba ọ̀rọ̀ mi padà, àwọn á wò ó bóyá iṣẹ́ ìjókòó kan wà fún mi ní ilé ẹrù. Ọmọ mẹ́ta ló ń wo ojú mi. Ẹ bá mi ya á, mà." Nígbà tó ń jáde lọ, ó rí Akọ̀wé nídìí kọ̀ǹpútà. "Kú iṣẹ́, ọmọ mi," ló wí.

Akọ̀wé gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Nígbà tí ìró ikọ́ náà ti jìnnà, ó ní, "Àǹtí, èmi ni." Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí kíbọ́ọ̀dù.

Ì bá sàn kí àǹtí rẹ̀ pariwo. Kò pariwo. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ náà lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì ń wò ó.

"Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi ń ti orúkọ àwọn èèyàn mọ́ inú dúrọ́ọ̀," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò ronú kan ikọ́. Èmi náà ni mo sì ní kí o máa kọ ọ́."

"Ṣé ẹ ò lè sọ fún wọn ni? Ṣebí ẹ̀yin mọ òtítọ́."

"Mímọ̀ ò tó. Ohun tí iṣẹ́ mi wà fún ni kí ẹni tó mọ̀ lè sọ ọ́ láìbẹ̀rù. Ta ni yóò tún sọ̀rọ̀ níwájú mi?"

Ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé láti ọ́fíìsì òun ni àṣírí ti jò, nítorí ohun tó tọ́ kó ṣe nìyẹn. Inú wọn dùn púpọ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba ìwádìí náà, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn tó jẹ́ tiwọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹni náà fi parí rẹ̀. Wọn ò sì rí iṣẹ́ ìjókòó kankan fún ọkùnrin oníkọ́ náà.

Kòríkòsùn gbọ́. Ó wá bá Akọ̀wé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. "Nídìí tábìlì oúnjẹ ni mo ti sọ ọ́," ló wí. "Mo kàn fẹ́ kí Dádì mi jẹun ni. Ó sì jẹun." Nítorí ọ̀rẹ́ yìí ni Akọ̀wé ṣe la ẹnu, ọ̀rẹ́ náà sì rèé, wọn ò rí nǹkan kan bá ara wọn sọ mọ́.

Ní ọjọ́ ìkẹyìn ìsinmi, àǹtí ò sí ní ọ́fíìsì. Obìnrin agéṣọ náà wọlé, ó fi aṣọ funfun di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni Akọ̀wé? Àǹtí ẹ ní ilé-iṣẹ́ ti fi ìwé mi ránṣẹ́ síbí. Jọ̀ọ́, mi ò mú awò ojú mi wá. Bá mi kà á."

Akọ̀wé kà á. "Ìwádìí fi hàn pé àìfarabalẹ̀ òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló fa ìjàǹbá náà. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan tó sọ pé irin ààbò kò sí níbẹ̀."

"Tún ibi tó gbẹ̀yìn yẹn kà."

"Kò sí ẹlẹ́rìí kankan."

Obìnrin náà mi orí. "Ẹnì kan wá bá mi ní ọsibítù. Ó ní òun máa sọ ọ́. Ẹ̀rù ló bà á. Mi ò bá a wí."

"Ó sọ ọ́, mà," ni Akọ̀wé wí. "Ó sọ ọ́. Èmi ni mo tú àṣírí rẹ̀ fó."

Obìnrin náà wò ó títí. Kò bú u, kò gbé e ṣépè. Ó na ọwọ́ pé kó fún òun ní ìwé òun. Ọwọ́ ọ̀tún ló nà, bó ti máa ń ṣe láti ọjọ́ tó ti dáyé, ìwé náà sì bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀, ó mú un nílẹ̀, ó fi í sí ọwọ́ òsì rẹ̀.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Akọ̀wé ti kọ òwe yìí sílẹ̀ nínú ìdánwò rí, ó sì gba máàkì rẹ̀ pé. Ohun tí kò mọ̀ nígbà náà ni pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni ọ̀ràn náà máa ń bá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí wọ́n bá fi àṣírí sọ́wọ́ yín, orúkọ nìkan kọ́ ni àṣírí. Ohunkóhun tó bá lè mú ọ̀tá dé ẹnu ọ̀nà ẹni náà, àṣírí ni. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ bínú. Ọ̀rẹ́ tó bínú lè yọ́nú lọ́la, ṣùgbọ́n ìka tó bọ́ kì í hù, ọ̀rọ̀ tó ti jáde kì í padà.

Ìwé tí Akọ̀wé tọwọ́ bọ̀ ṣì wà nínú fáìlì àǹtí rẹ̀. Ìrù lẹ́tà ìkẹyìn rẹ̀ gùn gbọọrọ.